Tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ni wọ́n tà fún mi lórúkọ kílíà! Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ṣọ́ra o

Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ǹ bá má kọ èyí rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe nǹkan èlò fún eré orí ìtàgé, mi ò sì fẹ́ kó tún ṣe ẹlòmíì.

Idà mẹ́rìnlá, adé mẹ́ta, àṣíborí ogun kan. Ike ni gbogbo wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kùn wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi wọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ìpẹtà sí etí idà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ó wá ku kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fín lé ọ̀dà lórí, kí òógùn ọwọ́ àwọn òṣèré má baà ṣí ọ̀dà náà.

Mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ọmọkùnrin tó tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó nìyí o, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló kù sí." Gálọ́ọ̀nù kan, ₦36,000. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i pé wọ́n ti fi irin ṣí ìdérí rẹ̀ rí! Mo bi í. Ó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló ṣí i yẹ̀ wò ní Àpápá. Èmi àgbàlagbà, mo ń mi orí bí aláǹgbá, mo sanwó.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ṣé mi ò dán an wò ni. Mo dán an wò! Orí pákó ni mo ti dán an wò, ó sì ń dán yinrin. Ta ló ń fi pákó dán ohun tó fẹ́ fín sára ike wò? Èmi ni.

Mo to gbogbo wọn sílẹ̀, mo fín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà tí mo yíjú padà, wúrà ti ń ṣàn kúrò lára adé bí omi ọbẹ̀. Idà àkọ́kọ́ ti rọ bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Mo fọwọ́ kan àṣíborí, ìka mi wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Tínà ni olè yìí bù kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Mo pè é. Ó ní òjò ló fà á. Lóòótọ́, bí ọ̀rinrin bá pọ̀, kílíà lè funfun bí èéfín. Ṣùgbọ́n òjò wo ló ń yọ́ ike? Mo tún pè, ó ní ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n fín. Èmi tí mo ti ń ṣe é látọjọ́ yìí! Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́.

Mi ò gba ìkankan nínú àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí gbọ́ mọ́, títí kan ẹni tó ń ta búrọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Kó fi ẹyọ kan hàn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kíá: wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀? Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Kílíà yòówù tí ẹ bá rà, ẹ kán an sórí àfọ́kù irú ike kan náà, kó sùn mọ́jú. Bí kò bá sí, páàkì funfun tí wọ́n fi ń di ráìsì ń ṣe é. Bó bá jẹ ẹ́ lu, ẹ má gbé e súnmọ́ iṣẹ́ yín. Kílíà tí wọ́n fi omi pò kì í sábà bá ike jà. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó jìnnà tó 25 cm. Èyí tó ní hádínà, èròjà tó ń mú un le, kẹ́míkà isocyanate máa ń wà nínú rẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú lásán kò tó.

Eré ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Màmá tó gbé iṣẹ́ fún mi ti ń pè láti àárọ̀. Èmi náà kò gbé e.