Àtúnkà àti Ìdánra-ẹni-wò: Èwo Ló Ń Mú Ẹ̀kọ́ Pẹ́ Lọ́kàn?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka ìwé kan náà ní àkàtúnkà nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń di ojúlùmọ̀ ni wọ́n ń rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì ni kí a pa ìwé dé, kí a sì gbìyànjú láti rántí ohun tí a kà.

Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ọ̀nà méjèèjì wéra ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ṣe àtúnkà ló rántí jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, àwọn tó dán ara wọn wò rántí nǹkan bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn alátùúnkà sì rántí ìdá 42 péré.

Èyí kò yà mí lẹ́nu, torí pé ọmọ awo kì í kàn gbọ́ ẹsẹ Ifá lásán; ó gbọ́dọ̀ ké e jáde níwájú ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tó bá ti ṣìnà. Ní tèmi, ohun tí kò tíì yé ènìyàn nìkan ni àtúnkà yẹ fún.