Kọ́ḿbì Ike, Kọ́ḿbì LEGO àbí Jíà Pákó: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Láti Tò?

Mo ti to kọ́ḿbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní jẹ́ ti ike, tí Revell ará Jámánì ṣe, tí èèyàn ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tó sì ń fi ọ̀dà kùn. Èkejì jẹ́ ti LEGO, bíríkì ike kéékèèké tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́ra wọn. Volkswagen T1 ni àwọn méjèèjì, ìdílé ọkọ̀ tí danfo Èkó ti jáde. Orí tábìlì kan náà ni mo ti tò wọ́n nílé mi ní Ṣómólú, àmọ́ ìdùnnú tí mo rí nídìí wọn yàtọ̀ síra pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ ra páálí àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn páálí tí ẹ̀yà ohun ìṣeré wà nínú rẹ̀, tí èèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ tò.

Iṣẹ́ tí páálí náà fi sílẹ̀ fún ọwọ́ yín ni ẹ ń fowó rà. Bí iṣẹ́ ọ̀hún bá kéré jù, ẹ ó tò ó tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ò sì ní wojú ẹ̀ mọ́. Bó bá pọ̀ jù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò máa gbé. Àwa tí a fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò ní kékeré, tí a gé sìlípáàsì tó ti já ṣe táyà, tí a fi okùn wọ́ ọ kiri àdúgbò, a mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí táyà àkọ́kọ́ bá yí. Ohun tí mo ń wá nínú gbogbo páálí tí mo ń rà títí dòní nìyẹn.

Kọ́ḿbì Revell

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì gba sùúrù jù. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/24, ìyẹn ni pé ojúlówó ọkọ̀ fi ìlọ́po 24 gùn jù ú lọ. Tí ẹ bá tẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín ló gùn tó, bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́ férémù ike bí àgbálùmọ̀ lórí igi. Ẹ ó fi ẹ̀mú gé wọn, ẹ ó fi bíléèdì fá ibi tí wọ́n ti so, ẹ ó wá fi sáńpépà tó kúnná ha á títí yóò fi dán.

Gọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Tó bá fi máa gbẹ tán, wọ́n ti di ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ súpà gúlúù lẹ rí, ẹ má jẹ́ kó dé ibi gíláàsì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra èyí tí wọ́n ń kiri nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà, mo fi lẹ gíláàsì iwájú lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gíláàsì náà ti ṣú, ó funfun bí ìgbà tí èèyàn fi èlùbọ́ nù ún, mi ò sì rí sítíárì tí mo ti fara balẹ̀ kùn nínú rẹ̀ mọ́. Èéfín tó ń jáde lára súpà gúlúù bó ṣe ń gbẹ ló ń ṣe é. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ló yẹ gíláàsì: tó bá gbẹ, kì í hàn.

Ọ̀dà kì í sábà sí nínú páálí. Èyí tó ń tètè gbaná kò rọrùn láti fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́, nítorí náà ẹ má ka èyí tó wà lókè òkun mọ́ owó yín. Ọ̀dà olómi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ń rà ní Yaba ni mo ń lò, ó sì mú ike dáadáa tí ẹ bá kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ ike náà kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku á bà lé ọ̀dà tútù, torí náà mo máa ń da báàfù bo ọkọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Tí òjò oṣù keje bá ń rọ̀ ṣáá, mi ò kùn ún rárá.

Mi ò tí ì rí páálí tí wọ́n kọ danfo sí lára rí. Èmi fúnra mi ni mo kùn ún ní yẹ́lò, mo fi ìlà dúdú méjì sí i légbẹ̀ẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n mọ Ṣómólú mọ́. Mo bẹ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa pé kó bá mi tẹ “Ìyá Ni Wúrà” sórí bébà alálẹ̀mọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò tó ẹyọ ìrẹsì. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà wá fi hàn án, kò gbowó.

Kọ́ḿbì LEGO

Ọdún 2011 ni LEGO gbé e jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 10220, ẹyọ 1,334 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ọ̀dà, kò sí bíléèdì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ ó dá a dúró, ẹ ó máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì láìsí ohun tó bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ kò ṣe é mọ́, torí náà ọwọ́ àwọn tó ti tọ́jú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i, wọ́n á sì gba owó lọ́wọ́ yín.

Mo gbádùn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo tò ó tán, kọ́ḿbì mi kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó tò ó ní London. Ìwé ìtọ́sọ́nà ti pinnu gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé ló yẹ kó rà á, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tú u, ká tún un tò.” Ti Revell kò ṣe é tú.

Ayédèrú pọ̀. Ẹ mú bíríkì kan, kẹ́ ẹ wo orí kókó róbótó tó yọ sókè lára rẹ̀: orúkọ LEGO gbọ́dọ̀ wà lórí kókó kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má san owó ojúlówó.

Jíà pákó

Ohun ìṣeré pákó tí jíà ń mú rìn nìyí, ilé iṣẹ́ Ugears ti ilẹ̀ Ukraine sì ni mo mọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n ti fi iná laser gé ẹ̀yà rẹ̀ sára pákó pẹlẹbẹ, ọwọ́ lásán ni ẹ ó fi tì wọ́n jáde. Kò gba gọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ wọn ń rìn fúnra wọn, rọ́bà tí a lọ́ sínú wọn ló ń tì wọ́n.

Ọ̀tá rẹ̀ ní Èkó ni omi inú afẹ́fẹ́. Pákó máa ń wú díẹ̀, eyín jíà á wá há. Nígbà tí èmi tò ó tán tí mo yí i, kò mira. Ó dùn mí. Mo mú àbẹ́là tí a ń tọ́jú de ọjọ́ tí kò bá síná, mo fi pa eyín jíà kọ̀ọ̀kan àti ọ̀pá tó gba àárín wọn, mo tún un yí. Ó kọ́kọ́ dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó dúró, lẹ́yìn náà ló gbéra, ó rìn láti etí tábìlì kan dé èkejì. Mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó. Ẹ fi àbẹ́là pa á kẹ́ ẹ tó tò ó, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Rọ́bọ́ọ̀tì Bandai

Ìlú Japan ni Gundam, rọ́bọ́ọ̀tì inú eré kàtúùnù, ti wá, àti ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Bandai ti ń ta páálí rẹ̀. Ike ni, àmọ́ wọ́n ti fi àwọ̀ sínú ike náà látilẹ̀, ẹ̀yà rẹ̀ á sì wọnú ara wọn pẹ̀lú ìró “pá” láìsí gọ́ọ̀mù. Páálí tí wọ́n kọ HG (High Grade) sí, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/144, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. MG (Master Grade) ni 1/100, PG (Perfect Grade) ni 1/60; ẹ má tíì dé ibẹ̀. Èdè Japan ló wà nínú ìwé rẹ̀, àmọ́ àwòrán tó ohun tí ẹ nílò.

Ẹ gé ibi tí ẹ̀yà ti so mọ́ férémù lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yà, èkejì sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpá funfun á kù síbẹ̀.

Ní ti mọ́tò onírin tí wọ́n ti tò tán láti ilé iṣẹ́, ó dára fún àwòran, kò ní iṣẹ́ ọwọ́ nínú. Èyí tí a ń fi irin fẹlẹfẹlẹ ká, tí etí rẹ̀ ń gé ìka, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì.

Tó bá kan owó

Ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ohun ìṣeré tí wọ́n ti tò tán ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń rí tèmi. Ẹnì kan ta páálí kan fún mi tí ọ̀rá inú rẹ̀ ti já, táyà méjì kò sí níbẹ̀, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Láti ìgbà náà, tí ọlọ́kadà tó gbé e wá bá dé, mo máa ń ní kó dúró kí n ṣí i níwájú rẹ̀ kí n tó sanwó, mo sì ń ka àwọn ọ̀rá àti férémù mọ́ àwòrán tó wà nínú ìwé.

Bó bá jẹ́ pé páálí kan ṣoṣo ni owó yín ká báyìí, ẹ ra HG ti Bandai pẹ̀lú ẹ̀mú kan tó mú. Ẹ̀mú náà lẹ ó fi gé kọ́ḿbì Revell lọ́dún tó ń bọ̀.