Rewáyà tó jókòó de àìsàn fáànù ọkọ̀ mi

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ mi, Toyota Corolla ọdún 2005, fi ṣe ségesège. Láàárọ̀, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, yóò fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú mi ní Mọ́kọ́lá, yóò dákẹ́ lójijì, bẹ́ẹ̀ iná AC ṣì wà ní títàn. Bí táyà bá wá já sínú kòtò, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bí ẹni pé kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù rewáyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ti náwó níbi méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní gáàsì ló tán, ó sì rọ òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ló ń mú atẹ́gùn tutù, kì í ṣe òun ló ń yí fáànù. Ẹnì kejì pààrọ̀ resistor, ìyẹn ohun tó ń dín iná kù kí fáànù lè rọra fẹ́, láìyẹ nǹkan kan wò. Ó yẹ kí n ti fura nígbà náà, nítorí pé bí resistor bá bàjẹ́, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé fáànù kò ní fẹ́ níbi tó ti rọra ń fẹ́, ṣùgbọ́n yóò máa fẹ́ bí a bá yí i dé òpin, torí iná ibẹ̀ kì í gba inú resistor kọjá. Tèmi, bó bá ti dákẹ́, kò síbi tí mo yí i dé tó lè dáhùn.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta yìí wà ní ẹ̀yìn Ring Road, nílùú Ìbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò kan, láìní pátákó. Fáànù ń fẹ́ dáadáa nígbà tí mo débẹ̀, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀gá rewáyà gbọ́ àlàyé mi tán, ó béèrè nípa kòtò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: “Dádì, ẹ má bínú, mi ò lè tún ohun tí mi ò tíì rí ṣe. Ẹ jẹ́ ká jókòó dè é.” Ó tú píjínhóòlù, ó ki ẹnu wáyà méjèèjì ti mítà tó fi ń wọn iná bọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná lọ sí mọ́tọ̀ fáànù, ó gbé mítà náà ka orí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ó tó 50 ìṣẹ́jú kí fáànù náà tó dákẹ́. Mítà kò kúrò lórí volt 13 àti díẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní iná ti kan ilẹ̀kùn, onílé ni kò dìde. Ó wá fi èèkù síkírúdiráfà rọra gbá ara mọ́tọ̀ náà, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Ó ṣàlàyé pé ká ní mítà ti wálẹ̀ sí òdo nígbà tí fáànù dákẹ́ ni, fíúsì, rílè, síwíìsì àti ibi tí wáyà ti so mọ́ ara irin ọkọ̀ ni òun ìbá tọ̀ lọ. Níwọ̀n bí iná ti ń dé ibẹ̀, inú mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó fi kábọ̀n méjèèjì tó ń gbé iná fún ibi tó ń yí nínú mọ́tọ̀ hàn mí: wọ́n ti jẹ tán débi pé sípíríǹgì wọn kò lè tì wọ́n mọ́ ibi tó ń yí mọ́, àfi bí nǹkan bá mì wọ́n. Ewé gbígbẹ kún inú fáànù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ti ń yọ́, nítorí pé mọ́tọ̀ tó bá ń tiraka kó tó yí máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló sì ń sọ ẹnu wáyà di gbígbóná. Ó gé e kúrò, ó fi òmíràn sí i. Bí a bá fi mọ́tọ̀ nìkan sí i, tí a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀, mi ò rò pé yóò pẹ́ kí n tó padà wá.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá mi lọ sí Ararọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate, láti ra mọ́tọ̀ tókunbọ̀. Ọmọ náà fi bátìrì dán àkọ́kọ́ wò, ó gbọ́ tó ń han, ó dá a padà láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Èkejì la rà ní ₦28,000. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦12,000, ó sì gbà á lẹ́yìn tí fáànù ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan.

Àléébù wọn kò kéré. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sí rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sì ni ìdánilójú ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ já ọkọ̀ sílẹ̀ kó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ kò ní gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìsàn tó máa ń sá pamọ́ bí ó bá ti rí rewáyà ni ọkọ̀ rẹ ní, ọ̀dọ̀ wọn ni kó o gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ keje rè é, fáànù mi kò tíì dákẹ́ rí ní Mọ́kọ́lá. Síkírù kan péré ni wọ́n gbàgbé láti dá padà sára píjínhóòlù, ó sì máa ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí mo bá já sínú kòtò. Ọ̀gá ní kí n wá gbà á.