Kíláàsì fótò Sátidé mẹ́rin tí mo ṣe: ojú èmi tó ń ta aṣọ òkè

Mi ò fẹ́ di fotógíráfà o. Aṣọ òkè ni mò ń tà, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ti ń rí i, ẹnì kan wá dá sányán padà, ó ní yẹ́lò lòun rí nínú fótò. Ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo wo fótò yẹn dáadáa, kò parọ́.

Bí mo ṣe san 40,000 náírà fún kíláàsì yẹn nìyẹn, n'Íbàdàn níbí. Kámẹ́rà Canon 700D tòkunbọ̀ àbúrò mi ni mo gbé lọ. Sátidé àkọ́kọ́ mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sá lọ sílé, ọ̀gá yẹn ń pe aperture, ISO, shutter speed bí ẹni ń pọfọ̀, èmi ṣáà ń mi orí. Àfìgbà tó ní ká rántí ojú ológbò: tóòrùn bá mú, ẹyinjú ẹ̀ á rí tín-ín-rín, tílẹ̀ bá ṣú á là gbàgàdà. Aperture nìyẹn, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ihò yẹn, kí ló dé tí f/1.8 fi jẹ́ ihò ńlá, tí f/16 wá jẹ́ kékeré? Ó ní kí n kà á bí ìdá, ṣé 1/2 ò ju 1/16 lọ ni? Ó wọlé. Mo délé, mo fi f/1.8 ya gèlè àti fìlà, gèlè iwájú mọ́ kedere, fìlà ẹ̀yìn di kùrukùru, mo sún un sí f/8, àwọn méjèèjì jáde.

Sátidé kẹta ni mo rówó mi he. Àṣé kámẹ́rà ò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú, ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí eérú ni, ìdí nìyẹn tí léèsì funfun fi ń dọ̀tí lójú ẹ̀, tí ẹ̀tù náà á sì dà bí èyí tó ti ṣá. Ní báyìí tó bá funfun mo máa ń sún exposure, ìyẹn bí fótò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, sí +1, tó bá dúdú, -1. Ti sányán yẹn, gílóòbù ìsọ̀ mi ló fà á! Mo paná, mo gbé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi bébà funfun ṣètò white balance, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí funfun jáde ní funfun, ó tán.

Sátidé tó kẹ́yìn ò dáa rárá, iná lọ, láptọ́ọ̀pù kú, wọ́n ní àwọn máa fi fídíò ránṣẹ́, títí dòní. Máàkì 7 nínú 10. Tó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ bi wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí aperture ọ̀pọ̀ fóònù kì í yí padà.