Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Agbaṣẹ́ṣe Tí Ó Fẹ Ilé Wa Lójú Nígbà Tí A Ṣì Ń Gbé Inú Rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ilé wa ní Àkóbọ̀ jẹ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta tí bàbá ọkọ mi kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1983. A ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa àti ìyá ọkọ mi, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n sì ní ásímà. Nígbà tí àyè há wa tán, a gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan pé kí ó fi yàrá méjì, balùwẹ̀ kan àti ilé ìdáná tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ kún ẹ̀yìn ilé náà. Ohun tí mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe bí ògiri ṣe tọ́ nìkan. Mo fẹ́ fi wọ́n bóyá ìdílé kan rí ibi sùn, rí ibi dáná, tí wọ́n sì lè mí dáadáa nínú ilé tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lára rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ ilé í kọ́ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ọ mọ́ ènìyàn lórí kò pọ̀.

Àwọn ẹbí bi wá pé kí ló dé tí a kò kó jáde. Ẹni tí ó bá ti wá ilé háyà ní Ìbàdàn mọ̀ pé onílé kì í gba owó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Owó odidi ọdún kan ni yóò béèrè, nígbà mìíràn ọdún méjì, tí owó àdéhùn àti owó kọmíṣàn yóò sì tún gun orí rẹ̀. Owó tí à bá kó fún onílé yẹn ni a fi ra irin àti sìmẹ́ńtì.

Ètò tí agbaṣẹ́ṣe yìí to iṣẹ́ sí ni ó mú kí a yàn án. Àwọn mìíràn tí a kọ́kọ́ pè wá wo ilé ni wọ́n sọ ohun kan náà: pé ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn yóò ti wó ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí àwọn lébìrà lè rí ọ̀nà gbé búlọ́ọ̀kù kọjá. Òun ní tirẹ̀ sọ pé ògiri náà ni yóò wó kẹ́yìn. Ó ní òun yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun, òun yóò mọ ògiri rẹ̀, òun yóò kan òrùlé, òun yóò fi ìlẹ̀kùn irin àti fèrèsé sí i, wọn yóò sì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù kan ògiri àtijọ́. Láti ẹ̀yìn ọgbà ni ó ti ṣí àyè sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti máa wọlé, débi pé lébìrà kankan kò fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kọjá nínú pálọ̀ wa rárá. Ó mú owó díẹ̀ lọ, nítorí pé a ní láti tún ọgbà náà mọ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí mo bá tún máa kọ́ ilé lọ́la, kò sí owó tí n óò san pẹ̀lú ayọ̀ tó èyí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ètò yẹn ṣe fún wa. Ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé tì ṣì wà láàárín wa àti olè, a sì ń tì í lálaalẹ́ jálẹ̀ gbogbo àsìkò iṣẹ́ náà. Ilé ìdáná wa àtijọ́ ṣì wà fún wa títí iṣẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Eruku sìmẹ́ńtì àti ti yanrìn wà lóde, níbi tí atẹ́gùn ti lè gbé e lọ. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé ìyá ọkọ mi ń sùn nínú yàrá wọn láìsí eruku lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Nígbà tí ọjọ́ wíwó ògiri dé, agbaṣẹ́ṣe náà ta nàílọ̀n nínípọn láti òkè àjà dé ilẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí ó jáde sí pálọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń wọ́n omi sí àwọn búlọ́ọ̀kù bí wọ́n ti ń fọ́ wọn.

Àdéhùn wa wà nínú ìwé. Àwòrán ilé wà, ìyọ̀ǹda ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti jáde kí a tó fa okùn sórí ilẹ̀, nítorí pé òfin ka àfikún sí ilé kíkọ́ bí i ti ilé tuntun, àwọn tí ó ń fi àwọ̀ pupa sàmì sí ògiri kì í sì í béèrè bóyá ẹ̀yìn ilé ni o kọ́ ọ sí. Nínú ìwé àdéhùn náà ni a kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́jọ òwúrọ̀, pé kò gbọ́dọ̀ kọjá aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pé kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, àti pé kí àwọn òṣìṣẹ́ gbá ilẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti máa ṣe gáà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá ní ọmọbìnrin nínú ilé mọ ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn ọkùnrin àjèjì máa wọ balùwẹ̀ kan náà pẹ̀lú wọn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a bẹ̀rẹ̀, kí òrùlé tuntun lè wà lórí ilé kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Ẹnjiníà tí ó bá agbaṣẹ́ṣe náà ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ ní ibi méjì láti wo bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jìn tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé sọ́káwè àtijọ́ wà gẹ́lẹ́ ní abẹ́ ibi tí igun yàrá kan yóò bọ́ sí. Agbaṣẹ́ṣe wa kò kọ́lé lé e. Ó gbẹ́ òmíràn sí igun tí ó jìnnà sí kànga wa bí ilẹ̀ ṣe gbà wá láàyè mọ, ó fa omi ìdọ̀tí ilé síbẹ̀, ó gbọ́n ti àtijọ́ gbẹ, ó sì fi òkúta àti ilẹ̀ kún un kí ó tó tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ tí wọ́n ń so páìpù pọ̀ ni a kò fi lè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti sọ fún wa ṣáájú, tí a fi bẹ aládùúgbò wa. Kànga náà pẹ̀lú, ó fi páànù àti tápólì bò ó kí yanrìn àti sìmẹ́ńtì má baà fẹ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjà ilé ìdáná àtijọ́ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ ti pẹ́ fetí sí. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni wọ́n fi pátákó asbestos ṣe àjà wọn. Bí ó bá wà jẹ́ẹ́ lókè, tí ẹnikẹ́ni kò sì lu ú, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí wọ́n dá a lu, fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí yóò fò jáde, yóò sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé gbogbo irú asbestos ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú. Èyí ni ó burú nínú rẹ̀: ọmọ tí ó fa eruku náà símú lónìí kò ní wúkọ́ lọ́la tí ìyá rẹ̀ yóò fi mọ̀.

Agbaṣẹ́ṣe wa mọ èyí. Ó ní kí gbogbo wa lọ sí ilé àbúrò mi ní Ẹlẹ́yẹlé ní ọjọ́ tí wọn yóò tú u. Ó wọ́n omi sí pátákó náà títí ó fi rin, ó yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìfi òòlù lu ú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odidi, ó sì wé e sínú nàílọ̀n nínípọn. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé, a bá ọ̀kan nínú àwọn lébìrà tí ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ, láìfi nǹkan bo imú, tí eruku sì ń sọ. Ọ̀gá rẹ̀ ti lọ ra ọjà. Mo dá a dúró, a da omi sílẹ̀, a sì fi aṣọ tútù nu gbogbo rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i rárá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe náà lójú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ewu kan gbọ́dọ̀ dúró ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ewu náà yóò fi kúrò nílẹ̀, pàápàá nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ náà, tí òun ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni a wá dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó bá wa fi páànù ṣe ìdábùú kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé sílíńdà gáàsì sínú kọ́rídọ̀. Òun náà ni ó kíyè sí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ibi tí a máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀ jẹ́ gbangba, ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri tuntun gòkè, ibẹ̀ di kọ̀rọ̀, fèrèsé yàrá àwọn ọmọ sì kọjú sí i. Èéfín carbon monoxide tí ó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá ń sùn lè má jí. Ó fa wáyà dé iwájú ọgbà, ó sì gbé e lọ sí ibi tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ sí fèrèsé èyíkéyìí, láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti ohun èlò, ọkọ mi ni ó ń ra sìmẹ́ńtì, agbaṣẹ́ṣe náà sì ń wo ohun tí a kọ sí ara àpò kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba Nàìjíríà tí ó ń bójú tó ìjójúlówó ọjà, ti sọ pé sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí sìmẹ́ńtì ti lágbára tó) wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, pé 42.5 ni kí a fi máa da òpó àti igi kọnkéré, kí a sì máa fi mọ búlọ́ọ̀kù. Ó dá àpò kan padà nítorí pé ó ti dì. Ó tún ní kí a máa bomi rin kọnkéré láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n gba ìyẹn ṣe. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á máa darí àwọn ọmọ tí ó mú rọ́bà omi dání, àwọn bíríkìlà á sì máa pè wọ́n ní "Màmá ẹnjiníà," wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú àmójútó o." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í wọṣẹ́ láìkọ́kọ́ wá kí wọn.

Àwọn ọmọ kò fara pa. Páànù ni agbaṣẹ́ṣe náà fi yí ibi iṣẹ́ ká, ó sì ń fi pátákó bo kòtò ìpìlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí kan dúrọ́ọ̀mù omi, nítorí pé ọmọ kékeré lè rì sínú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti falẹ̀ jù ni balùwẹ̀. Plọ́ńbà tí ó mú wá kò dúró sójú kan. Bí ó bá wá lónìí, a lè má rí i fún ọ̀sẹ̀ kan, fóònù rẹ̀ kì í sì í wọlé. Agbaṣẹ́ṣe náà ń bẹ̀bẹ̀ dípò kí ó wá ẹlòmíràn, ó sì pẹ́ jù kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Owó iṣẹ́ náà tún gòkè ju iye tí a kọ́kọ́ sọ lọ, nítorí pé owó sìmẹ́ńtì àti irin gbéra nígbà tí iṣẹ́ wà lágbede méjì. N kò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Gbogbo rìsíìtì ni ó kó wá, ọkọ mi sì wádìí iye wọn lọ́jà.

Ibi tí òrùlé tuntun ti pàdé ti àtijọ́ ni mo ṣì ń ṣọ́. Òjò ńlá àkọ́kọ́ jò síbẹ̀, ó sì rin àjà tuntun. Wọ́n padà wá, wọ́n tú páànù méjì, wọ́n sì fi ọ̀nà omi tí ó fẹ̀ jù ti ìṣáájú sí i. Láti ìgbà náà kò tíì jò mọ́. Lára ògiri, ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti fara kan ara ní ìlà tín-ín-rín kan láti òkè dé ilẹ̀, agbaṣẹ́ṣe náà sì ti ṣàlàyé fún wa ṣáájú pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo síbẹ̀ ni, nítorí pé ilé àtijọ́ ti jókòó tán láti bí ogójì ọdún, ti tuntun yóò sì rọlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jókòó. Bí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀ mọ́ra ni, ibi tí kò yẹ ni ìbá ti là.

N óò tún gbé iṣẹ́ fún un, n óò sì júwe rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní arúgbó tàbí ọmọ kékeré nílé, bí ó bá lè fi plọ́ńbà mìíràn ṣiṣẹ́, tí ó sì ṣèlérí pé òun kò ní kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tú ohun tí ó léwu. Kí ẹ tó san owó fún agbaṣẹ́ṣe èyíkéyìí, ẹ bi í pé ìgbà wo ni yóò wó ògiri tí ó wà láàárín ẹ̀yin àti ibi iṣẹ́, ẹ sì bi í pé níbo ni jẹnẹrétọ̀ yín yóò wà nígbà tí ilé tuntun bá dúró tán. Owó ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. A ti jọ kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò ní san án títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ kọjá lórí oríta òrùlé méjèèjì yẹn, ó sì fọwọ́ sí i láìjanpata.