Òfíò inú báárò àti òfíò inú ìgò: èwo ló ń gbà mí lọ́wọ́ mínírà?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, òfíò tútù táwọn ọmọ Hausa ń fi báárò tì kiri ló ń gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ mínírà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe omi òfíò inú ìgò tí wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp pé kò ní ṣúgà. Mo ti ra méjèèjì dáadáa.

Ẹni tó bá ń jí aago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè ré kọjá Third Mainland kí go-slow tó bẹ̀rẹ̀ á mọ nǹkan tí mò ń sọ, oorun ò tó, ọ̀gá ń pariwo, iṣẹ́ ò tán, tó bá fi máa di ọ̀sán ara á ti rọ jọwọrọ, ọkàn á wá máa fà sí Coke tútù àti bisikíìtì ṣáá. Kì í ṣe wọ̀bìà o! Wàhálà ló ń mú kí ara máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù jáde, òun náà sì máa ń jẹ́ kí nǹkan dídùn wu èèyàn jẹ, àìsùn á tún wá gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò yín ná: tí ṣúgà bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú 100ml, tẹ́ ẹ bá mu 50cl, gíráàmù 50 lẹ gbé mì yẹn, bíi ṣíbí tíì 12. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ní ó máa dáa tá ò bá kọjá nǹkan bíi 25 lóòjọ́. Ìgò kan péré ti jẹ tọjọ́ méjì.

Téèyàn bá wá jáwọ́ nínú mínírà lójijì, orí á máa fọ́ ọ, ó á rẹ̀ ẹ́, ẹni tí ò ṣẹ̀ ẹ́ gan-an á máa bí i nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ṣúgà tí àwọn já ló fà á, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Coke tàbí energy drink lẹ ń mu tẹ́lẹ̀, kafíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, wà nínú ẹ̀, ẹ ti já òun náà nìyẹn, orí fífọ́ yẹn lè jẹ́ tiẹ̀. Ẹ rọra máa dín in kù ni.

Ibi tí òfíò ti wúlò nìyẹn. Ó dùn, àmọ́ kì í ṣe adùn tó ń gún èèyàn lórí, kò sì ṣeé sáré gbé mì, ẹ máa jẹ ẹ́ títí ni, ẹnu ríṣẹ́ ṣe, ọkàn á rọlẹ̀ díẹ̀. Òróró wà nínú ẹ̀, fáíbà, ìyẹn háhá ẹ̀, náà wà níbẹ̀, ó ń dúró nínú. Àwa tá a máa ń fa omi ẹ̀ ká tó tu háhá dànù, èyí tó ń mú inú kún gan-an la ń tu dànù yẹn o, ẹ jẹ ẹ́ kúnná kẹ́ ẹ gbé e mì. Àléébù ẹ̀ ni iyanrìn (ẹ fọ̀ ọ́ léraléra, ẹ má gbọ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́), èyí tó gbẹ lè ṣẹ́ eyín àfi kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ bá sì jẹ ẹ́ jù, inú á wú, ẹ̀yin àtàwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì lẹ máa pín in jẹ.

Ti inú ìgò ńkọ́? Ó dùn o, mi ò lè parọ́, ó dùn jù gan-an ló jẹ́ kí n fura. Mo bi ẹni tó ń tà á pé kí ló mú un dùn tó bẹ́ẹ̀, ó ní "Àǹtí mi, dàbínù lásán ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Dàbínù tó jẹ́ pé ó ju ìdajì ẹ̀ lọ tó jẹ́ ṣúgà! Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹyọ méjì, kò burú, àmọ́ tí wọ́n bá lọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ sínú ìgò, tí wọ́n sẹ́ háhá ẹ̀ kúrò, ṣúgà lẹ ń mu jàre. Àní àwọn ará Valencia ní Spain tí wọ́n ń fi òfíò ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní horchata, ṣúgà ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn, wọn ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ti èyí tí mo rà tún burú, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ó sì ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó já ṣúgà, torí ṣúgà ara lè lọ sílẹ̀ jù. Tó bá sì jẹ́ pé òùngbẹ ò fi yín sílẹ̀, ẹ ń dìde tọ̀ lóru ṣáá, ó ń rẹ̀ yín, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, òfíò kọ́ ló máa yanjú ìyẹn. Kò sì lè sùn fún yín.

Máàkì mi: ti báárò, 4 nínú 5, iyanrìn ló gba ọ̀kan. Ti inú ìgò, 2. Mi ò ní rà á mọ́, àfi tí ẹni tó ń tà á bá lè sọ iye dàbínù tó wà nínú ìgò kan fún mi.