PhD eré orí ìtàgé tó pa ẹ̀ka mọ́ ẹ̀ka: ohun tí ojú mi rí ní ọdún mẹ́fà

Oṣù karùn-ún tó kọjá ni mo jókòó síwájú ìgbìmọ̀ tó dán mi wò lórí àpilẹ̀kọ mi, tí wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo ti di ọ̀mọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àbúrò kan láti Theatre Arts kì í béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí èmi náà lọ?" Ìdáhùn mi rèé, ó gùn díẹ̀.

N kò ní dárúkọ yunifásítì tí mo lọ. Amẹ́ríkà ló wà, kò sì jìnnà sí Chicago. Ẹ̀ka eré orí ìtàgé ló gbà mí wọlé, ṣùgbọ́n dandan ni kí èèyàn ti ẹsẹ̀ kan bọ ẹ̀ka mìíràn. Èmi mú ìtàn, mo sì fi anthropology, ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà wọn, kún un. Ọdún méjì kíláàsì, ìdánwò ńlá ní ọdún kẹta, lẹ́yìn náà ìwádìí àti ìwé kíkọ. N kò san owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń fún mi ní owó oṣù fún ọdún márùn-ún, èmi náà ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́. Ọdún kẹfà, owó àpò ara mi ni mo ná. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbà kí èèyàn ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé bá ń lọ, nítorí náà kí ẹ tọ́jú owó ọdún ìkẹyìn yẹn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alárìnjò, eré àwọn òṣèré Yorùbá tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ló gbé mi débẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, jókòó ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó wo eré tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òṣèré kọ́kọ́ jó nínú àpò. Erè ńlá kan tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan tó rù kan eegun, tó funfun bí àbẹ́là, yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àpò: ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń pa, ó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn èrò hó yèè, wọ́n sì ń wo ojú Clapperton àti àwọn tó bá a wá, bóyá eré náà wù wọ́n.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló fún òṣèré láyè láti fi àlejò ọba ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ìlú? A máa ń sọ pé ọba kì í mú ọ̀kọrin, ṣùgbọ́n níbo ni àyè yẹn ti wá, ta ló sì ń ṣọ́ ọ? Bí mo bá dúró sí ẹ̀ka ìtàgé nìkan, màá mọ bí wọ́n ṣe jó o. Bí mo bá lọ sí ẹ̀ka ìtàn nìkan, màá mọ ẹni tó wà lórí oyè. Ti ìdílé ọ̀jẹ̀, àwọn tó ń gbé eégún, àti àṣẹ eégún wà lọ́tọ̀, anthropology ló ni ín. Joel Adedeji ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa ní Yunifásítì Ìbàdàn: ọdún 1969 ló fi Alárìnjò gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì so ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ mọ́ iṣẹ́ òṣèré. Ohun tí àwọn Amẹ́ríkà ń fi orúkọ gígùn, interdisciplinary, pè lónìí, a ti ṣe é nílé.

Ohun tí mo gbádùn jù ni ilé ìkàwé. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Evanston, sí ilé ìkàwé Herskovits ní Northwestern, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954 fún ìwé Áfíríkà. Mo rí ìwé Yorùbá níbẹ̀ tí mo ti wá títí nílé. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí dé ọkàn.

Ìṣòro rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gá méjì. Nígbà tí mo fi orí kẹta ránṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kọ "Ẹ̀rí dà?" sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn mọ́kànlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàgé kọ sí ojú ìwé kan náà pé, "Ìtàn ti pọ̀ jù, eré dà?" Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tún orí yẹn kọ. Oṣù mẹ́jọ ló bá a lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ta ló máa fìdí múlẹ̀. Màmá mi ń pè mí láti ilé pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. N kò rí èsì fún un nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìfọwọ́sí. Ilé-ìwé kò gbà kí èèyàn fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí ìwé. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà kan ní Òṣogbo tó ti bá ẹgbẹ́ òṣèré arìnrìn-àjò jó láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn títí dé òpin. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìgbà tí mo tẹ̀ka kẹ́yìn, ilẹ̀ bàbá mi ló bá a lọ." Mo ká ìwé náà sápò. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó o fi jíròrò kí wọ́n tó gbà pé ohùn ẹnu tí a gbà sílẹ̀ tó.

Nígbà tí mo padà lọ, ìyá sọ sínú ẹ̀rọ pé, "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́." Wọ́n wá di etí tábìlì mú, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjúbà tí ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣí eré, òrùka ọwọ́ wọn ń kan tábìlì bí agogo, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dá a lóhùn. Kíláàsì anthropology ló kọ́ mi láti máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, kó má baà lọ. Kíláàsì ìtàgé ló jẹ́ kí n dá ìgbésẹ̀ náà mọ̀. Orí kẹrin nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n tún un kọ.

Iṣẹ́ kò yá. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ìpolówó iṣẹ́ olùkọ́ sábà máa ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé 23 ni mo kọ, ọ̀kan ló dáhùn, iṣẹ́ ọdún kan sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní ìlà kan kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Bí ẹ̀ka kan bá lè dá a lóhùn, ẹ dúró síbẹ̀. Bí kò bá lè dá a lóhùn, ẹ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tó ọdún mẹ́rin kàn, ẹ bi wọ́n léèrè pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì kò bá fẹnu kò, ta ló ń parí rẹ̀. Bí wọ́n bá wo ara wọn lójú, ilé-ìwé mìíràn ni kí ẹ wá. Èmi fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, ti oṣù mẹ́jọ yẹn ni.